Ta Ni Iṣẹ́ Tọ́ Sí? Ẹ̀tọ́, Òótọ́ àti Orí Nínú Ìntáfíù Ilé-Iṣẹ́ Ńlá

Ìntáfíù ni ìdánwò àfẹnusọ tí ilé-iṣẹ́ fi ń yan ẹni tí yóò gbà síṣẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tí ìwé-ẹ̀rí wọn jọra. Kì í sábà kọjá wákàtí kan. Nínú wákàtí yẹn, ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí kò mọ olùwáṣẹ́ rí yóò pinnu ohun tó lè tún ayé rẹ̀ tò fún ọdún púpọ̀: àdúgbò tí yóò máa gbé, iye tí yóò máa fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìgbà tí apá rẹ̀ yóò ká ìnáwó ìgbéyàwó. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wọlé tí wọ́n sì mú ẹnì kan, ilé-iṣẹ́ a máa sọ pé ẹni tó yẹ ni àwọn mú. Kí ni yíyẹ náà dúró lé lórí? Ṣé ẹni tí wọ́n mú ni iṣẹ́ náà tọ́ sí lóòótọ́? Àwọn mẹ́sàn-án tó padà sílé ńkọ́, ṣé orí wọn ni kò gbè wọ́n, tàbí ìwà wọn, tàbí làákàyè wọn, àbí kò tiẹ̀ sí ohun tó ṣe wọ́n rárá?

Ní Èkó, kí olùwáṣẹ́ tó dé iwájú àwọn tí yóò bi í léèrè, wọ́n ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ epo a máa gba ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n a ṣe ìdánwò ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n a kó àwọn tó bá yege jọ kí wọ́n jọ jíròrò ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n tó wá pe ìwọ̀nba díẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú fún ìntáfíù agogo mẹ́sàn-án ní Victoria Island ní láti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Sílípáàsì ló wọ̀ sínú ọkọ̀. Bàtà dúdú tó ti fi pólíìṣì kùn lálẹ́ àná wà nínú ọ̀rá, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nínú dáńfó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni yóò ti pààrọ̀ rẹ̀, tí yóò nu ojú, tí yóò so táì tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Síkiọ́rítì yóò wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Yàrá tí wọ́n ní kí ó dúró sí tutù débi pé òógùn ọ̀nà gbẹ mọ́ ọn lára. Àwọn tó bá níbẹ̀ kí i dáadáa, ṣùgbọ́n kálukú ń yọjú wo fáìlì ẹnìkejì. Tí ẹnì kan bá jáde, wọ́n á rọ́ bá a pé, “Kí ni wọ́n bi ẹ́?” Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń tú gbogbo wọn ká: “A ó kàn sí yín.”

Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ni yóò sọ pé ìgbà tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí le ju ìbéèrè ìgbìmọ̀ lọ. Fóònù kì í kúrò lápò. Nọ́ńbà tí kò ní orúkọ á pè, àyà á já, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè. Ọ̀sẹ̀ á di oṣù. Kò sí ẹni tó sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọkàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni bóyá wákàtí kan lè fi èèyàn hàn. Google, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, gbajúmọ̀ nígbà kan fún àwọn ìbéèrè àràmàǹdà, irú bí iye bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó lè wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn olùwáṣẹ́ a máa jí nínú oorun ronú lé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí. Ní 2013, Laszlo Bock, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé ìfàkókòṣòfò pátápátá ni àwọn ìbéèrè náà, pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju pé kí ẹni tó ń béèrè rò pé òun gbọ́n. Ó tún sọ pé ilé-iṣẹ́ náà gbé máàkì tí àwọn olùdánwò fúnni nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìntáfíù lé ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn náà ṣe nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọn kò sì rí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ní ọdún kan náà, Jason Dana, Robyn Dawes àti Nathanael Peterson tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lẹ́nu wò, kí wọ́n sì sọ irú máàkì tí yóò gbà ní yunifásítì. Wọ́n ti sọ fún àwọn kan lára àwọn tí wọ́n ń bi léèrè pé kí wọ́n kàn máa dáhùn láìbìkítà fún òótọ́, bí ìlànà kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìbéèrè náà bá ṣe gbé e. Àwọn tó ń béèrè kò fura. Èyí tó wá bani lẹ́rù ni pé àsọtẹ́lẹ̀ àwọn tó fi ọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò kò dára tó èyí tí ẹni tó kàn wo máàkì àtijọ́ nìkan lè ṣe.

Èyí kò sọ pé ìntáfíù kò wúlò rárá. Bí wọ́n bá bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà, tí ìbéèrè náà jẹ mọ́ iṣẹ́, tí wọ́n sì ti pinnu ṣáájú bí wọn yóò ṣe gbé máàkì kalẹ̀, ó sàn ju ìtàkùrọ̀sọ lásán lọ dáadáa. Àmọ́ ohun tí irú ìntáfíù bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n kò ju bóyá ẹni yìí lè ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Kò wọn ẹni náà fúnra rẹ̀. Àwọn Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹbí bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, wọn kì í pe ọmọbìnrin náà síwájú kí ó wá ṣàlàyé ìwà ara rẹ̀. Alárinà ni wọ́n ń rán, wọ́n ń wádìí lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n ń béèrè irú ẹbí tó ti wá, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Ọ̀gá tó gba ọmọ síṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tàbí iṣẹ́ ọnà ń fi ọdún púpọ̀ wo ọwọ́ àti ìwà rẹ̀ kí ó tó fún un ní òmìnira. Ìwà kì í ṣe ohun tí ẹnu ẹni fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀, ojú ẹlòmíràn ló ń rí i, ó sì ń gba àkókò.

Níbí ni ìbéèrè kejì ti yọ, ìyẹn ti òótọ́. Ìgbìmọ̀ á ní, “Sọ fún wa nípa ara rẹ.” Wọ́n á tún béèrè ìdí tó fi yẹ kí wọ́n mú olùwáṣẹ́ náà dípò àwọn tó jókòó síta. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kí ó má yin ara rẹ̀, pé kí ó má tẹjú mọ́ àgbà lójú, ni wọ́n wá ní kí ó yin ara rẹ̀ lójú àwọn àgbà, kí ó sì máa wò wọ́n lójú kòrókòró. Oríkì wà nílẹ̀ Yorùbá lóòótọ́, ìyìn inú rẹ̀ sì lè ga dé ọ̀run, ṣùgbọ́n ìyá, ìyá àgbà tàbí asunrárà ló ń kì í. Ẹni tí wọ́n ń kì ń tẹ́tí ni. Nítorí náà, ẹni tó tijú nínú ìntáfíù lè jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ìgbìmọ̀ tí kò mọ èyí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò nígboyà.

Ṣé irọ́ ni olùwáṣẹ́ ń pa nígbà tó bá sọ pé ìran ilé-iṣẹ́ náà ló wu òun, nígbà tó jẹ́ pé owó oṣù ló bá wá? Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Immanuel Kant, nínú àròkọ tó kọ ní 1797, kò gbà kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún ìdí kankan, ì báà jẹ́ láti dáàbò bo ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ apààyàn. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n ọ́n, kò sí ìntáfíù tó mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, bí àlejò tí ebi ń pa ṣe máa ń sọ pé òun ti yó, tí onílé náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé oúnjẹ kúrò. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá fún ẹni tó yí ìwé-ẹ̀rí, tàbí tó sọ pé òun ti ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe rí, nítorí ẹlòmíràn yóò gbára lé ọ̀rọ̀ náà, ó sì lè pa á lára. Síbẹ̀, ẹ̀bi irọ́ kékeré inú ìntáfíù kì í ṣe ti olùwáṣẹ́ nìkan. Ilé-iṣẹ́ tó bá lé ẹni tó sọ pé owó ni òun wá wá, tó sì mú ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ dídùn, ló ń kọ́ àwọn èèyàn láti parọ́. Ó yẹ kí ó pín nínú ẹ̀bi náà.

Lẹ́yìn ìmọ̀ àti òótọ́ ni ti ẹ̀tọ́ fúnra rẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, John Rawls, kọ ìwé A Theory of Justice ní 1971. Ó sọ níbẹ̀ pé kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ gba ẹ̀bùn àbínibí tàbí ilé tí wọ́n bí i sí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ohun tí ẹ̀bùn náà mú wá tọ́ sí òun. Robert Nozick, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bíi tirẹ̀, dá a lóhùn ní 1974 pé bí ẹnì kan bá gba nǹkan lọ́nà tó mọ́, tirẹ̀ ni; kò dìgbà tó bá fi hàn pé òun ló yẹ ní gbogbo ayé. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wo ìntáfíù, ti Nozick fi ẹni tó rí iṣẹ́ lọ́kàn balẹ̀: iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, kò jí i gbé. Ti Rawls sì ní kí ó má gbéraga: Gẹ̀ẹ́sì tó yọ́ lẹ́nu rẹ̀ wá láti ilé-ìwé tí òbí rẹ̀ san owó rẹ̀. Méjèèjì lè jóòótọ́ pọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í ṣe ẹ̀bùn, tí kì í ṣe iṣẹ́ àṣekára. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Nuffield College, Oxford, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ tó jọra ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Britain, tí wọ́n kàn yí orúkọ àti ìran ẹni tó kọ ọ́ padà. Ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Nàìjíríà ní láti fi ìwé tó fi nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òyìnbó ibẹ̀ lọ ránṣẹ́ kí ó tó rí ìpè kan náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí Manchester mọ èyí lára wọn tipẹ́ kí ìwádìí tó sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò sì gbani: Amazon ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa yan olùwáṣẹ́, ó fi ìwé ìwáṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kọ́ ọ, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú kéré ìwé àwọn obìnrin nítorí ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́. Wọ́n pa á tì.

Iye àwọn tó ń wáṣẹ́ náà tún sọ nǹkan. Ní 2012, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Dangote ń wá awakọ̀ akẹ́rù tó ti gboyè jáde, ìròyìn sọ pé ìwé tó wọlé lé ní 13,000 fún àyè 100, ó sì kan àwọn mẹ́fà tó ti gba oyè dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tí èèyàn 130 ń jìjàdù àyè kan, àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n yóò pọ̀ ju àyè lọ fíìfíì. Láàárín àwọn yẹn, ohun tó ń ya ẹnì kan sọ́tọ̀ lè jẹ́ pé ebi kò tíì máa pa ìgbìmọ̀ nígbà tó kàn án. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Michael Sandel, nínú ìwé tó kọ ní 2020 lórí ìgbéraga àwọn tó yege, dábàá pé kí àwọn yunifásítì ńlá ṣẹ́ kèké láàárín àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ó dàbí ohun tuntun, ṣùgbọ́n àwọn àpọ́sítélì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àyè Júdásì ṣófo, wọ́n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó lè gba ipò náà, wọ́n rí ẹni méjì tó kúnjú rẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ṣẹ́ kèké. Kèké mú Màtáyà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún Jósẹ́fù Básábà, ẹnìkejì rẹ̀, pé kò tó. Ó tó. Kèké ni kò mú un. Ọlá wà nínú pé wọ́n jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń já sí. Nínú Odù Ogbè Ògúndá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàkójọ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ́ẹ̀kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì yan orí tó tóbi tó sì dán lójú wọn. Wọn kò mọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà ń jẹ, ó ń rún. Nígbà tí wọ́n dé ayé, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò lérè. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti rí iyọ̀ àti owó mú dání. Iyọ̀ náà ló fi wu oníbodè kan, ẹni náà sì mú un débi tí Àjàlá wà. Afùwàpẹ́ rí i pé gbèsè ló lé Àjàlá sórí àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá fi ọ̀pá irin kan àwọn orí wò títí ó fi rí èyí tó le, tó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ máa ń gbọ́ ìtàn yìí bíi pé ó sọ pé ẹni tó ṣe rere orí rere ló yàn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afùwàpẹ́ ní bàbá tó mọ̀nà, ó ní owó lọ́wọ́, ó pàdé ẹni tó mọ ilé Àjàlá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní wọn. Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tó jáde ní 1991, béèrè bóyá a lè pe ohun tí èèyàn ṣe láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní yíyàn. Ìbéèrè náà bá ìntáfíù mu, ṣùgbọ́n lọ́nà tí àwọn èèyàn kì í sábà fi wò ó. Nílé-iṣẹ́, ìgbìmọ̀ ló jókòó sí àyè Oríṣẹ́ẹ̀kú. Àwọn ló ń rìn kiri láàárín orí tí wọn kò mọ̀, tí wọ́n ń mú èyí tó dán. Òjò yóò rọ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà tàbí ọdún kejì, wọn yóò sì mọ ohun tí wọ́n mú. Ẹni tí wọn kò mú kò ní ẹ̀bi kankan nínú pé ojú lásán ni wọ́n fi yàn. Bíbélì sọ irú rẹ̀ nípa Sámúẹ́lì, tí Ọlọ́run rán láti yan ọba láàárín àwọn ọmọ Jésè: nígbà tó rí Élíábù, tí ìrísí rẹ̀ dára, ó rò pé ọba ti dé. Wòlíì ni, síbẹ̀ ojú tàn án jẹ.

Fún ìdí yìí, ìwàásù kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó rí iṣẹ́ á jáde wá jẹ́rìí pé ojú rere Ọlọ́run ló wà lórí òun, ọpẹ́ rẹ̀ sì tọ́. Àmọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tó gba ààwẹ̀ kan náà tí wọn kò sì pè é, ń gbọ́ òdì ọ̀rọ̀ náà: pé Ọlọ́run kẹ̀yìn sí òun. Nínú Ìsìláàmù, ìrun ìstíkárà dúró lórí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ń kí i kò sọ fún Ọlọ́run pé kí ó ṣáà fún òun ní iṣẹ́ yẹn. Ó ní bí ó bá dára fún òun kí ó rọrùn, bí kò bá dára kí Ó mú un jìnnà. Kádàrà kò sì ní kí èèyàn jókòó, nítorí Ànábì ní kí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Olùwáṣẹ́ tó múra, tó lọ, tó sì dáhùn, ti so tirẹ̀. Ohun tó kù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fi í dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ọrùn ilé-iṣẹ́ ni gbèsè tó kù wà. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta 2014, Àjọ Tó Ń Rí sí Ìwọlé-Wọ̀de Nàìjíríà (Immigration) pe àwọn olùwáṣẹ́ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè fún àyè tí kò tó 5,000, lẹ́yìn tí kálukú ti san 1,000 náírà. Ó kéré tán èèyàn 15 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá àti àwọn ìlú mìíràn. Aboyún wà lára wọn. Ìyẹn ni òpin ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń fúnni níṣẹ́ bá gbàgbé pé èèyàn ni ẹni tó ń wá a. Èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́: ìbéèrè nípa bóyá obìnrin fẹ́ bímọ, wákàtí mẹ́fà tí wọ́n fi dá èèyàn dúró láìṣàlàyé, ẹ̀rín tí wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn rín. Kò sí ìdánwò tó nílò wọn.

Ilé-iṣẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́. Ohun tó jẹ gbogbo ẹni tó pè wá ni ìbéèrè kan náà, ọ̀wọ̀ kan náà, àti èsì. Kí àwọn tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ jọ̀wọ́ kọ lẹ́tà sí ẹni tí wọn kò mú, kí wọ́n sọ fún un pé àyè ni kò tó bí ó bá jẹ́ pé àyè ni kò tó, kí wọ́n sì ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá pinnu.